Bí Ẹ Ṣe Lè Lo Free Trial Láìjẹ́ Kí Wọ́n Máa Yọ Owó Yín Lábẹ́lẹ̀

Free trial ni kí ilé iṣẹ́ tó ni ápù tàbí ìkànnì kan jẹ́ kí ẹ lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà káàdì ATM yín ṣe? Gbàrà tí ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, ẹ ti fún wọn láṣẹ láti yọ owó nígbà tí ọ̀fẹ́ bá parí. Wọn ò ní tún bi yín.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì Start free trial, ẹ wá àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ lè rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “7 days free, then $39.99/year”. Ẹ wò ó dáadáa: year ni, kì í ṣe month. Owó ọdún kan gbáko ni wọn yóò yọ lẹ́ẹ̀kan náà, iye tí báńkì yín bá sì ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ yẹn ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ẹ ya àwòrán ojú ewé yẹn pa mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ fagi lé ìforúkọsílẹ̀ náà. Apple ní ó kéré tán, kó ku wákàtí 24 kí àkókò tó pé, nítorí náà ẹni tó dúró di ọjọ́ ìkẹyìn lè ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ápù ṣì máa jẹ́ kí ẹ lò ó títí ọjọ́ yóò fi pé.

Lórí iPhone, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, kí ẹ wá tẹ Subscriptions. Lórí Android, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ tẹ Payments & subscriptions, lẹ́yìn náà Subscriptions. Ẹ mú ápù náà, ẹ tẹ Cancel subscription, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ ó fi rí i pé wọ́n ti fagi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, pípa ápù rẹ́ kúrò lórí fóònù kì í dá owó dúró rárá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí.

Bó bá jẹ́ ìkànnì tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ má lo káàdì àkáǹtì tí owó oṣù yín ń wọ̀. Virtual card, ìyẹn káàdì orí fóònù tí kò ṣeé fọwọ́ mú, tí owó díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló dára, kí ẹ sì tì í pa lẹ́yìn náà.

Tí owó bá ti lọ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fagi lé e, kí ẹ kọ ímeèlì sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n dá owó padà. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ mú àwòrán ojú ewé tí ẹ yà pa mọ́ lọ sí báńkì. Ẹ má rò pé káàdì tuntun nìkan ti tó: Visa àti Mastercard ní ètò tó lè fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí ẹni tó ń yọ owó. Ní Nàìjíríà, bí báńkì ò bá yanjú ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ẹ kọ̀wé sí CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní cpd@cbn.gov.ng.