Bí A Ṣe Ń Mu Wisikí Single Malt Nínú Ooru Èkó

Wisikí single malt ti ilẹ̀ Scotland, tí ilé ìpọntí kan ṣoṣo fi ọkà báálì nìkan pọn, gbọ́dọ̀ lo ọdún 3, ó kéré tán, nínú àgbá onígi. Ẹ bu díẹ̀ sínú ife tí ẹnu rẹ̀ há, kí òórùn rẹ̀ má baà tètè fò lọ, kí ẹ sì la ẹnu díẹ̀ bí ẹ ti ń gbóòórùn rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti imú bọ ife tààrà, ọtí yóò kàn ta á nímú lásán ni. Lẹ́yìn náà, ẹ máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò.

Àwọn kan ka yìnyín sí èèwọ̀ nítorí pé ó ń pa òórùn ọtí. Ṣùgbọ́n ní Súrùlérè, nígbà tí iná bá lọ, tí ọtí inú ìgò sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, èmi kò rí ẹ̀bi nínú ẹyọ yìnyín ńlá kan, tí kì í tètè yọ́ bí èyí tí a fọ́ wẹ́wẹ́.

Glenlivet, tí ó fúyẹ́ lẹ́nu, ni kí ẹni tuntun fi bẹ̀rẹ̀. Laphroaig ti erékùṣù Islay ní tirẹ̀ kún fún èéfín, ó sì bá ẹja sísun mu. Ẹ jẹ́ kí súyà dúró dìgbà tí ife bá gbẹ, torí ata rẹ̀ a máa bo adùn ọtí mọ́lẹ̀.