Bẹ́ ẹ ṣe lè kó ẹbí lọ ṣe síkì lókè òkun tí Ìyá Àlájà ò ní di ẹlẹ́wọ̀n òtẹ́ẹ̀lì

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tiwa. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ lọ, ọmọ wa ọkùnrin tó ń kàwé ní Jámánì la ní kó mú ibi tá a máa lọ, ṣebí òun ló mọ síkì ṣe, ìyẹn kéèyàn fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sẹ́sẹ̀ kó máa yọ̀ lọ lórí sínóò, ló bá mú abúlé kan tó ga fíofío, sínóò bo gbogbo ẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì gan-an lẹ ti máa ki síkì bọ ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ sì máa yọ̀ lọ. Ó gbádùn ẹ̀ dọ́ba. Ìyá Àlájà, ìyá ọkọ mi tá a gbé láti Gwarinpa ní Abuja níbí pé kí wọ́n wá fojú kan sínóò, ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n fi jókòó sẹ́nu wíńdò pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, torí ṣọ́ọ̀bù ò ju ẹyọ kan lọ, ojú ọ̀nà ń yọ̀ bí ilá, kò sì síbi téèyàn lè yà sí. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ̀wọ̀n lẹ mú mi wá ni?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Àtìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tí ò ní ṣe síkì lèèyàn fi ń wá ìlú. Ẹni tó fẹ́ ṣe síkì ò níṣòro, tí òkè bá ti wà, tí sínóò wà, tí lífìtì tó ń gbéèyàn gòkè wà, ó ti délé nìyẹn. Àwọn tó kù lẹ máa ro ọ̀rọ̀ wọn dáadáa.

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ṣí fóònù yín wo tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka orí ná. Àwa mẹ́jọ la lọ lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́ta ló fẹ́ wà lórí òkè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, méjì ní àwọn kàn fẹ́ dán an wò, mẹ́ta ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá: Ìyá Àlájà, ìyàwó àbúrò mi tó lóyún, àti ọkọ mi tó ní orúnkún òun ti ṣiṣẹ́ tó nílé ayé yìí. Ẹ má fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó bá sọ pé òun ò ṣe, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, owó yín náà lẹ ń ṣọ́, torí gbogbo ẹni tó bá máa ṣe síkì ló máa sanwó lífìtì, owó tí wọ́n á fi háyà síkì àti bọ́ọ̀tù, àti owó tíṣà. Ẹni tí ò ṣe ò san ìkankan níbẹ̀.

Innsbruck ní Ọ́stríà la lọ lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Ìlú ńlá gidi ni, òkè ló yí i ká, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé Òlíńpíìkì ìgbà òtútù lọ síbẹ̀, 1964 àti 1976. Àwọn tó fẹ́ ṣe síkì á wọ bọ́ọ̀sì lọ sórí òkè láàárọ̀, àwọn tó kù á wà nígboro. Ó ní ilé àtijọ́ kan tí wọ́n fi bàbà tí wọ́n fi wúrà bò ṣe òrùlé ẹ̀, ó ní ọjà Kérésì tí wọ́n ń pa níbi ìgboro àtijọ́ yẹn, ó tún ní tréènì kékeré kan tó gbéra láàárín ìgboro gan-an tó ń gun òkè lọ, Zaha Hadid ló ya àwòrán àwọn ibùdókọ̀ ẹ̀, 2007 ni wọ́n ṣí i. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ níbẹ̀, ẹ ó bọ́ sínú ọkọ̀ orí wáyà tó máa gbé yín dé Seegrube, mítà 1,905, Ìyá Àlájà wà lókè pátápátá pẹ̀lú bàtà tí wọ́n wọ̀ jáde nílé, tíì ń gbóná lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo sínóò tó bo gbogbo ayé. Bọ́ọ̀sì tún wà tó ń lọ Wattens níbi tí Swarovski wà, tí wọ́n kọ́ ibi ìran kan sí láti 1995. Ṣé ẹ mọ òkúta tó ń dán lára léèsì òwàǹbẹ̀ yẹn? Ọjọ́ yẹn, èmi gan-an gbàgbé pé mo lọ́mọ lórí òkè.

Kì í ṣe Innsbruck nìkan ló wà o. Zermatt ní Swítsàlandì náà dáa fún àgbàlagbà, wọn ò gba mọ́tò oní-pẹtiróòlù wọ̀lú, tréènì lẹ máa wọ̀ débẹ̀, tréènì míì sì wà láti 1898 tó ń gbéèyàn lọ sí Gornergrat, mítà 3,089, orí ìjókòó yín lẹ ó ti rí òkè Matterhorn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò dáadáa. Chamonix ní Faransé lẹ́wà púpọ̀ àmọ́ ọkọ̀ orí wáyà wọn tó lókìkí yẹn ń lọ dé mítà 3,777, mi ò ní gbé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ síbẹ̀ láì bi dókítà.

Èyí ló gbé mi dé ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí àwọn òyìnbó tó ń kọ nípa ọlidé síkì kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe wàhálà tiwọn. Jínótáìpù. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó jẹ́ SS nínú ẹbí, ẹ má sanwó kankan títí tẹ́ ẹ fi máa rí dókítà ẹ̀. Bí òkè ṣe ń ga ni ọ́síjìn ń dín kù, tí ọ́síjìn bá sì dín kù lára, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yẹn á tẹ̀ bí dòjé, wọ́n á dí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, kí òtútù àti àìmumi tó tún wá dá kún un. AS náà, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn AS kan rí tí wọ́n dé ibi gíga tí ọlọ inú wọn bàjẹ́. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá dédé ní ẹ̀gbẹ́ òsì òun ń dun òun lórí òkè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíákíá kẹ́ ẹ sì wá ọsibítù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ẹbí sí ìsàlẹ̀, Innsbruck ò ga ju mítà 574 lọ, ẹni tó bá fẹ́ gòkè á gòkè, á sì padà wá sùn nísàlẹ̀. Val Thorens ní Faransé, mítà 2,300 lẹ máa sùn sí. Ẹ wo ìyàtọ̀.

Ó ku ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ. Ọlidé àwọn ọmọ wa ní Abuja ló máa pinnu ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ Kérésì sí ọdún tuntun ló wọ́n jù. Oṣù kejì náà wọ́n torí ìgbà yẹn làwọn ọmọ iléèwé Ìlú Ọba àti Faransé ń gba ọlidé, àwọn ọmọ tiwa ò sì gbà á, yàtọ̀ sí pé ní 2026 àti 2027 oṣù kejì náà ni àwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀, ta ló fẹ́ gbààwẹ̀ kó tún máa ṣubú lórí sínóò. Àwa ń lọ ní kété tí iléèwé bá ti padé láàárín oṣù kejìlá, a ń dé kí Kérésì tó kò. Ewu ibẹ̀ ni pé sínóò lè má tíì tó lórí àwọn òkè tí ò ga, nítorí náà ẹ wá ìlú tí òkè gíga wà nítòsí ẹ̀. Nǹkan bíi wákàtí kan ni bọ́ọ̀sì láti Innsbruck dé Stubai, yìnyín àtayébáyé ló wà lókè ibẹ̀, ó ga ju mítà 3,000 lọ, sínóò kì í wọ́n wọn.

Físà Schengen tó ń múni wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹ lè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kankan, tó bá ti di oṣù kọkànlá gbogbo Abuja ló ń wá ọjọ́. Oṣù kẹjọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Yúrò 90 ni fún àgbàlagbà, 45 fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá, ọmọ tí ò tíì pé mẹ́fà ò san nǹkan kan. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa sùn jù lẹ máa gba físà ẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ òfúrufú máa já yín sí, èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ ní Frankfurt kó jẹ́ físà Ọ́stríà ló gbà. Sàtífíkéètì ìbí àwọn ọmọ, ti National Population Commission ni kẹ́ ẹ mú, ẹ fi ti ọsibítù sílé. Tó bá jẹ́ òbí kan ló ń mú ọmọ lọ, èkejì gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé òun fọwọ́ sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí owó ńlá dédé já wọ àkáǹtì yín lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ojú lásán ni wọ́n fi máa mọ̀. Owó ìnáwó, ẹ béèrè PTA, ìyẹn owó òkèèrè tí báǹkì ń ta fún arìnrìn-àjò, ní báǹkì yín kẹ́ ẹ tó sáré lọ bá àwọn àbókí tó ń ṣẹ́ owó ní Zone 4, dọ́là 4,000 ni fún ẹnì kan láàárín oṣù mẹ́ta.

Ìnṣọ́ránsì tí físà ń béèrè, tó gbọ́dọ̀ tó Yúrò 30,000 yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ka síkì kún. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín, kó fi hàn yín nínú ìwé, kì í ṣe ti ẹnu: ṣé síkì wà níbẹ̀, ṣé owó hẹlikọ́pítà tó bá wá gbéèyàn lórí òkè wà níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá ń lọ Ítálì, láti 2022 ló ti di dandan kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣe síkì ní ìnṣọ́ránsì tó máa sanwó fún ẹni tó bá kọ lù.

Aṣọ ńkọ́? Ẹ má ra tuntun. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta gwanjo, ìyẹn òkìríkà, ní Wuse tàbí Mararaba, láàárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú béèlì, aṣọ òtútù tí àwa ò mọ ohun tá a fẹ́ fi ṣe kún ibẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ gbà á. Ẹ gbé pọ́ọ̀wọ́tà dání. Ẹ ta omi sí apá kóòtù náà, tó bá ṣù tó ń yí lọ bí omi lórí ewé kókò, ẹ rà á, tó bá mu, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fa síìpù ẹ̀ lọ fà á bọ̀. Akoto o, ẹ má ra tòkúnbọ̀, ẹ ò mọ ohun tó ti gbá a rí, ẹ háyà ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ànkárá àti jín-ìn-sì kì í ṣe aṣọ sínóò, wọ́n ń mu omi, omi yẹn á sì di yìnyín sí yín lára. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́ wa níbí, ètè á là, gìgísẹ̀ á là, òrí lẹ máa fi pa á. Oòrùn ibẹ̀ náà ò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun, sínóò tuntun ń ta bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán tó ń jóni padà sójú èèyàn, nítorí náà ìpara oòrùn àti gọ́gù, kò sẹ́ni tó yọ sílẹ̀.

Irun! Ọmọ mi obìnrin ṣe ṣùkú lọ, akoto ò wọlé, ọ̀sán gangan la jókòó tá a ń tú irun ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń háyà. Kòlẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe, kó lẹ̀ mọ́rí. Àwọn tó ń wọ híjáàbù, ẹ lo pélébé tó ń fà, ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun máa jó lẹ́yìn yín, lífìtì lè fà á.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn náà, wọ́n máa bi yín léèrè bẹ́ ẹ ṣe tẹ̀wọ̀n tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́. Àbúrò ọkọ mi wo ọ̀tún wo òsì, ó rí i pé àwa náà ń gbọ́, ló bá rọra ní "àádọ́rin." Àádọ́rin kẹ̀! Ọmọkùnrin yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, ó mú sikurù-dúráífà, ó yí nǹkan kékeré kan tó wà lórí síkì, ìyẹn ló ń pinnu bí síkì ṣe máa já kúrò lẹ́sẹ̀ téèyàn bá ṣubú kí egungun má baà ṣẹ́. Torí irọ́ kílò yẹn, síkì àǹtí wa ń já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti fẹ́ yà, wọ́n á dúró lórí ẹsẹ̀ kan, èkejì á ti máa dá lọ nísàlẹ̀ òkè. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn wọ́n padà lọ, wọ́n sọ òótọ́. Bọ́ọ̀tù náà, ìbọ̀sẹ̀ gígùn kan ṣoṣo, ẹ má wọ mẹ́ta torí ẹ gbọ́ òtútù, á fún ẹ̀jẹ̀ pa, ẹsẹ̀ á wá tutù sí i. Tẹ́ ẹ bá dúró ṣánṣán kí ọmọ ìka kan iwájú díẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ orúnkún kó sún kúrò.

Ẹ sanwó tíṣà fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má sọ pé ẹ̀gbọ́n wọn á kọ́ wọn, ìjà ló máa dà. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo òkè, ti ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan tó o. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kò sí èèyàn wa nínú nǹkan yìí, ẹ rán an létí pé ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù 2018 ní PyeongChang, Simidele Adeagbo da ojú bolẹ̀ lórí skeleton, pákó kékeré tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, fún Nàìjíríà, Seun Adigun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ wọ bọ́bsléèdì, ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín.

Ohun tó so ọlidé wa lẹ́ẹ̀kejì pọ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán. A fi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sí Patscherkofel torí ọkọ̀ orí wáyà ibẹ̀ ń gbé ẹni tí ò ṣe síkì lọ, ó sì ń gbé e bọ̀, kì í ṣe gbogbo lífìtì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Aago kan àbọ̀, gbogbo wa ti wà nílé oúnjẹ lókè, ẹni tó ṣubú ń ròyìn, ẹni tó lọ ọjà ń yọ ohun tó rà. Aago mẹ́rin àbọ̀ oòrùn ti wọ̀ lóṣù kejìlá, nítorí náà ìrun ọ̀sán, àsárì àti màgíríbì súnmọ́ra, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa kírun sí.

Ilé oní-kíṣìnnì ni kẹ́ ẹ háyà. Gàrí, èlùbọ́ àti ata gígún wọ inú báàgì wa. Kílíṣí ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ o, ẹran àti wàrà ò gba ẹnubodè wọn kọjá, àmọ́ dàbínù ò níṣòro. Ọkọ mi jẹ kílíṣí tiẹ̀ tán ní éapọ́ọ̀tì Abuja kí wọ́n tó pe ọkọ̀ wa, ó ní òun ò lè fi sílẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù.

Àwọn kóòtù gwanjo yẹn ṣì wà nílé. Ìyá Àlájà ti gba èyí tó nípọn jù, wọ́n ní àwọn ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn ní Jos lásìkò ọyẹ́.