Bẹ́ ẹ ṣe máa wo fíìmù tí wọ́n fi ìwé ṣe kẹ́ ẹ sì gbádùn ẹ̀ dọ́ba

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń wo fíìmù tí wọ́n fi ìwé ṣe bí ẹni tó ń ṣọ́ olè, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ojú wa ń wá ohun tí dírẹ́kítọ̀ jí gbé, "háà, wọ́n ti yọ ibi tó dùn jù kúrò, háà, kì í ṣe bó ṣe rí nínú ìwé nìyẹn," nígbà tí fíìmù fi máa parí a ò rí nǹkan kan mú dání ju àròyé lọ. Èmi ò gbà pé bó ṣe yẹ ká wò ó nìyẹn. Ìwé ní ohun tó lè ṣe, fíìmù náà ní tiẹ̀. Aṣọ, ojú èèyàn, ìlù, ìdákẹ́jẹ́, àwọn yẹn ni fíìmù fi ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ò bá sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò wọ́n á pàdánù ìdajì ìtàn. Ó Le Kú àti Ẹlẹ́ṣin Ọba ni mo máa fi ṣàlàyé jù, torí wọ́n sún mọ́ wa.

Kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n rárá, ẹ kọ́kọ́ wá ọdún mẹ́ta: ọdún tí ìtàn yẹn ṣẹlẹ̀, ọdún tí wọ́n kọ ìwé, ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù. Ẹ kọ ọ́ sórí fóònù yín. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde ní 1974, ìtàn Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn àtàwọn ọmọge mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Túndé Kèlání wá fi ṣe fíìmù ní 1997. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ka ìwé yẹn nígbà tó jáde, ayé tiwọn gan-an ni wọ́n ń kà, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ júwe irun àti bàtà ìgbà náà fún wọn. Àmọ́ nígbà tí fíìmù fi máa dé, àwọn kan náà ti di bàbá ọmọ, wọ́n ti di ìyá ọmọ, ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń wò, ẹ ò wá rí i pé ohun tí ìwé gbójú fò ni fíìmù máa rọra gbé kalẹ̀.

Ti Ẹlẹ́ṣin Ọba tún lọ́jú pọ̀ díẹ̀. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, ẹlẹ́ṣin ọba tó yẹ kó kú tẹ̀ lé e, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ dá a dúró. Dúró Ládipọ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe eré Ọba Wàjà kí Ṣóyínká tó kọ tiẹ̀, Death and the King's Horseman, lédè òyìnbó ní 1975, Bíyí Bándélé wá fi ti Ṣóyínká ṣe fíìmù tó bọ́ sórí Netflix ní oṣù kọkànlá 2022, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí Bándélé fúnra ẹ̀ kú. Ṣóyínká kọ ọ́ síwájú ìwé yẹn pé òun yí àwọn nǹkan kan padà, pé 1946 ló ṣẹlẹ̀, òun wá fà á sẹ́yìn kó lè bọ́ sígbà ogun. Tí ìwé fúnra ẹ̀ bá ti yí ìtàn padà báyìí, kí ló dé tá a máa bínú sí fíìmù pé ó yí ìwé padà?

Èwo lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, ṣé ẹ máa kà á ni àbí ẹ máa wò ó? Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá, mo ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á, torí ọ̀rọ̀ ẹnu Ìṣọ̀lá dùn débi pé ẹni tó bá fi fíìmù bẹ̀rẹ̀ lè má padà síbẹ̀ mọ́. Àmọ́ Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹ kọ́kọ́ wò ó. Òyìnbó ni ìwé yẹn, Yorùbá ló pọ̀ jù nínú fíìmù, ohun tí Ṣóyínká gbé lọ sínú èdè àwọn òyìnbó ni Bándélé gbé padà wálé. Ẹ tẹ sikiríìnì, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan èdè, kẹ́ ẹ pa ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, kójú yín má bàa máa ka ìsàlẹ̀ nígbà tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lókè. Tí ibì kan ò bá yé yín, ẹ fi sílẹ̀, ẹ tàn án padà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ó wá kan aṣọ. Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí àwọn èèyàn rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni aṣọ nínú fíìmù àtijọ́. Nínú Ó Le Kú, ìró tí ò kọjá orúnkún pẹ̀lú bùbá alápá gbòòrò, aṣọ àwọn ọmọge tó mọ̀wé nìyẹn, tí wọ́n ń gbé nínú ìlú ńlá tí wọ́n sì fẹ́ kí ayé rí àwọn. Ó wọ àwọn èèyàn lójú débi pé lẹ́yìn fíìmù yẹn gbogbo télọ̀ ló ń rán an, orúkọ fíìmù ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Tẹ́ ẹ bá ń wò ó, ẹ máa béèrè pé ta ló wọ kí ni, níwájú ta, kí ló sì fẹ́ kẹ́ni yẹn rò.

Nínú Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹ wá lọ síbi tí ajẹ́lẹ̀ Pilkings àti ìyàwó ẹ̀ ti gbé ẹ̀kú wọ̀ láti lọ jó níbi àríyá àwọn òyìnbó. Ẹ̀kú egúngún o! Ọlọ́pàá tó ń jẹ́ Àmúsá wá jíṣẹ́, mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó yarí pé òun ò ní bá ẹni tó wọ aṣọ ikú sọ̀rọ̀ ikú. Ẹ wá rántí pé nínú eré Ṣóyínká, Olúńdé ọmọ Ẹlẹ́ṣin tó ti ìlú òyìnbó dé, kóòtù òyìnbó ló wọ̀, obìnrin òyìnbó tó sì ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀kú ló wà lọ́rùn tiẹ̀. Ọmọ wa wọ aṣọ tiwọn, ó mọ iyì ẹ̀kú, aya òyìnbó wọ ẹ̀kú, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀, ẹ lè kà á kọjá kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹ ò lè gbàgbé ohun tójú yín bá rí. Ẹ dá fíìmù dúró níbi ẹ̀kú yẹn tẹ́ ẹ bá ń wò ó lẹ́ẹ̀kejì, kẹ́ ẹ wo ojú Àmúsá dáadáa.

Lórí ọ̀rọ̀ aṣọ yìí náà, ẹ kọ́ díẹ̀ nínú ìtàn aṣọ wa kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ níṣẹ́. Sányán, àlàárì, ẹtù, àwọn yẹn bá ààfin àtijọ́ mu. Aǹkárá ò sí l'Ọ́yọ̀ọ́ ayé Baṣọ̀run Gáà tí wọ́n pa ní 1774, ìparí àwọn ọdún 1800 síwájú ni irú aṣọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ àwọn òyìnbó dé etí òkun wa. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà, ẹ̀yìn 1900 ló gbilẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Tẹ́ ẹ bá lè pe ìyá àgbà kan jókòó tì yín, ó tún dáa jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ irun tí wọ́n dì fún yín, ṣùkú ni àbí kọjúsọ́kọ, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí ìwé ò kọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ́ sórí ohun tí wọ́n yọ kúrò. Ohun tí wọ́n bá yọ, ẹ béèrè pé kí ni wọ́n fi dípò ẹ̀, torí ìwé lè fi ojú ewé púpọ̀ sọ ohun tó wà lọ́kàn Àjàní, fíìmù á ní kẹ́ ẹ wo ojú ẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Tẹ́ ò bá rí nǹkan kan tó dípò ẹ̀ rárá, ẹ lè ṣàròyé nígbà yẹn, ẹ̀tọ́ yín ni.

Tí ẹni tí wọ́n ń sọ ìtàn ẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó gbáyé lóòótọ́, ẹ wá ẹ̀rí kẹta. Ìkà paraku ni Ẹfúnṣetán Aníwúrà nínú eré Ìṣọ̀lá tí Kèlání náà fi ṣe fíìmù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti gbà pé bó ṣe rí nìyẹn, wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Àmọ́ ẹ ka ìtàn Yorùbá tí àlùfáà Samuel Johnson kọ. Obìnrin olówó ńlá ni Ìyálóde Ìbàdàn yẹn, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látóòṣà, olórí ogun Ìbàdàn, sì fi kàn án ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tóun dé. Ní 1874 ni wọ́n pa á. Mi ò ní kẹ́ ẹ má wo eré yẹn, eré tó lágbára ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú tó wà nídìí ikú obìnrin yẹn wúwo gan-an, ó sì dùn mí pé ìkà nìkan lọmọ ìsìnyí mọ̀ ọ́n sí.

Ní ti dátà àti iná, ẹ wà á sórí fóònù lóru tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ó tán.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ mú sínì kan ṣoṣo, ẹ kà á nínú ìwé, ẹ wò ó nínú fíìmù, lẹ́yìn náà ẹ tún kà á. Mo dábàá ibi tí Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-iyọ̀, ẹni tó ń kì í, ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́jà, níbi táwọn obìnrin ti ń kó aṣọ iyebíye bò ó. Ẹ ka ohun tí Olóhùn-iyọ̀ sọ sókè, kí ẹ gbọ́ ọ létí ara yín, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu òṣèré.