Ẹ Má Tíì Pín Ogún Ẹni Tí Ẹ Ṣì Ń Wá

Bí ará ilé yín bá di àwátì, ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé kò tíì kú lójú òfin, nítorí náà kò tíì sí ogún tí ẹnikẹ́ni fẹ́ pín. Èmi ni akọ̀wé ẹbí wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìgbà tí a ò ti gbúròó Bọ̀ọ̀dá mi mọ́ ni ilé ò ti rójú: àwọn àbúrò ní ká ta ilẹ̀ rẹ̀, ìyàwó kékeré ní ìyáálé ń kó ẹrù jáde lóru. Ohun tí a ṣe tí ọ̀rọ̀ ò fi di ìjà ni mo kọ síbí.

Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 164, ní bí àwọn tó yẹ kó gbúròó ènìyàn kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, kóòtù lè gbà pé ó ti kú, àyàfi bí ìdí mìíràn bá wà tí a ò fi gbọ́ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn ṣe pàtàkì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì fi ìwádìí mọ sí inú ilé. Ẹ bi régberégbe rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí gbogbo wọn bá pé síbi ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ máa rí ẹni tó ń gbé Èkó àti ẹni tó ń gbé òkè òkun lójú kan. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bi àti èsì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wíìlì ló le jù. Nínú àpótí Bọ̀ọ̀dá, lábẹ́ àgbádá tó wọ̀ lọ́dún tó kọjá, a bá àpòòwé kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ pupa lẹ̀ lẹ́nu. Ìyáálé ti mú ọ̀bẹ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Wíìlì kò lágbára kankan nígbà tí ẹni tó ṣe é bá wà láàyè, bí òǹtẹ̀ yẹn bá sì já, ẹni tí kò bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀ yóò sọ títí ayé pé a ti pààrọ̀ rẹ̀. Ojú gbogbo wa ni a ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé a rí àpòòwé náà, olórí ẹbí àti ìyàwó méjèèjì fọwọ́ sí i, a sì gbé e fún lọ́yà. Ẹ tún lè bi lọ́yà bóyá ọ́fíìsì probate ní kóòtù gíga, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wíìlì àti ogún, lè bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù bánkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan kì í ṣe ajogún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi káàdì ẹni tí ẹ ń wá gbowó. Ilẹ̀ ẹbí náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: kò lè há a fún ẹnikẹ́ni nínú wíìlì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ẹbí kan kò lè tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí lọ́wọ́ sí i. Owó ilé tí àwọn ayálégbé ń san, ẹ bi lọ́yà bí ẹ ṣe máa gbà á. Kí ènìyàn méjì jọ máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, kí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì ṣíwájú.

Ó sì dùn mí bí àwọn kan ṣe ń sọ fún àwọn ìyàwó pé kí wọ́n wọ aṣọ dúdú. Wọn kì í ṣe opó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n kó jáde nílé ọkọ wọn, kí olórí ẹbí pè é kó bá a wí lójú gbogbo ènìyàn.

Bí ẹnìkan bá ń sáré lọ gba ìwé àṣẹ láti máa ṣàkóso ohun ìní rẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ ní kí lọ́yà fi ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní caveat síwájú ọ́fíìsì probate. Nígbà tí ọdún 7 bá pé, ẹ kó ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìwádìí yín lọ sí kóòtù gíga. Bí kóòtù bá gbà, ìgbà yẹn ni ẹ óò tó ṣí àpòòwé, lójú ìyàwó, ọmọ àti olórí ẹbí.