Sẹ́kọ́ndì 3 péré: bí mo ṣe ṣe ìwádìí mi nínú kíláàsì praímárì

Nígbà tí wọ́n ní ká mú àkòrí prójẹ́ẹ̀tì wá, ohun tó fẹ̀ jù ni ọ̀pọ̀ wa mú wá, irú "bí a ṣe lè jẹ́ kí ọmọ praímárì mọ̀wé sí i", ta ló máa wá wádìí ìyẹn tán nínú kíláàsì kan ṣoṣo? Èmi gé tèmi kúrú títí ó fi ku ohun tí mo lè fetí gbọ́ kí n sì kà: tí tíṣà bá ti béèrè ìbéèrè tán, báwo ló ṣe ń dákẹ́ pẹ́ tó kó tó tún sọ̀rọ̀?

Iṣẹ́ tí Mary Budd Rowe, olùwádìí nípa ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣe ní Amẹ́ríkà láwọn ọdún 1970 sókè ló mú mi lọ́kàn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ tíṣà kì í dúró ju bíi sẹ́kọ́ndì 1 lọ, àmọ́ tí wọ́n bá dúró tó sẹ́kọ́ndì 3, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tó ń dákẹ́ náà á máa dá sí i. Ibi méjì ló ní ká ti dákẹ́ o, lẹ́yìn ìbéèrè àti lẹ́yìn tí ọmọ bá dáhùn, èkejì yìí ló sì dùn mọ́ mi jù.

Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, lọ́dọ̀ àwọn òbí, mo sì bi àwọn ọmọ náà fúnra wọn, torí ohùn wọn ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀. Nọ́ńbà ni mo fi rọ́pò orúkọ. Lẹ́yìn náà mo ya àwòrán ìjókòó wọn sórí bébà, gbogbo ìgbà tí mo bá pe ọmọ kan ni tíṣà kíláàsì ń bá mi fa ìlà kan síbi tó jókòó sí, fóònù mi wà lórí tábìlì ó ń gbohùn, tó bá di alẹ́ màá fi stopwatch ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló gba sùúrù jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Mo kọ́kọ́ gba ohùn bí mo ṣe ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ kí n tó yí ohunkóhun padà. "Kí ló mú kí omi inú abọ́ gbẹ?" "Oòrùn!" Ó ti tán nìyẹn. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, mo bi wọ́n nípa aṣọ tí a sá, ọmọ kan lẹ́yìn pátápátá ní "oòrùn", mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn ń wò ó, ló bá ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ: "Oòrùn mú un gbóná, omi yẹn wá lọ sínú afẹ́fẹ́, àmọ́ tá a bá ká a sínú ọ̀rá, kò ní gbẹ." Ta ló kọ́ ọ ní ti ọ̀rá? Inú mi dùn gan-an!

Àwọn tó máa ń yára pariwo "èmi! èmi!" ò fara mọ́ ọn, nítorí náà mo ṣòfin pé kò sẹ́ni tó máa nawọ́ títí dìgbà tí mo bá nawọ́ tèmi. Kì í sì í ṣe gbogbo ìbéèrè la ń dúró fún jàre, 2 lọ́nà 3 ò nílò ẹ̀, ìbéèrè "kí nìdí" ló nílò ẹ̀.

Súpáfáísọ̀ mi ní ṣé kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kàn fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì ni. Mo tún un ṣe nínú ìṣirò, ìdáhùn gùn níbẹ̀ náà, àmọ́ kò tó ti sáyẹ́ǹsì, bí mo sì ṣe kọ ọ́ sínú prójẹ́ẹ̀tì náà nìyẹn, pẹ̀lú àlàyé pé kíláàsì kan ṣoṣo ni.