Bí ẹ ṣe lè ta ukulele kí ó bá àsìkò mu

Ẹni tó ti mọ kọ́ọ̀dù mẹ́ta (ìyẹn àkópọ̀ ohùn tí okùn ń dún pa pọ̀) lórí ukulele, ohun èlò olókùn tó dà bíi gìtá kékeré, tí orin rẹ̀ ṣì ń kọsẹ̀, kọ́ọ̀dù kẹrin kọ́ ló kù fún un. Àsìkò ló kù. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta á: ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé ibi tí kọ́ọ̀dù ti fẹ́ yí, gbogbo nǹkan dúró, ó ń wá ibi tí ìka máa bà, ó rí i, orin tún gbéra. Ẹni tó ń kọrin tẹ̀lé e ti lọ tipẹ́. Èmi náà ta á báyẹn fún oṣù mélòó kan, mo sì gbà pé ìka mi ló le. Ìgbà tí mo fi fóònù gba ohùn ara mi sílẹ̀ ni mo tó mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ọwọ́ òsì mi kò lọ́ra tó bí mo ṣe rò. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń dúró dè é.

Òfin kan ṣoṣo ni mo wá ń lò láti ìgbà náà: ọwọ́ tó ń ta okùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tó kù nísàlẹ̀ yìí, nítorí òfin yẹn ni. (Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ òsì ta á, ẹ kàn yí òsì àti ọ̀tún padà bí ẹ ti ń kà á.)

1. Ẹ tún ohùn okùn ṣe

Okùn mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e mọ́ àyà, èyí tó sún mọ́ àgbọ̀n yín jù ni G, lẹ́yìn rẹ̀ C, lẹ́yìn rẹ̀ E, A ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ti ìdí gìtá bọ̀ á rò pé okùn tó wà lókè ló yẹ kí ohùn rẹ̀ ki jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí. Lórí ọ̀pọ̀ ukulele, ohùn G ga ju ti C lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹ má dẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. Áàpù tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe lórí fóònù ti tó. Okùn tuntun máa ń nà, torí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ìdánrawò títí yóò fi jókòó. Bó bá jẹ́ baritone lẹ ní, ìyẹn èyí tó tóbi jù nínú oríṣi ukulele mẹ́rin tó wọ́pọ̀, D, G, B, E ni wọ́n sábà máa ń tún un sí, ohùn tí àwọn kọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ yìí máa mú jáde lórí rẹ̀ á sì yàtọ̀.

2. Ọwọ́ tó ń tẹ̀

Ọrùn ukulele kì í ṣe ẹrù ọwọ́ òsì. Apá ọ̀tún ló ń mú ohun èlò náà mọ́ àyà. Bí ẹ bá ṣí ọwọ́ òsì kúrò, kò yẹ kó já bọ́. Bó bá fẹ́ já, ẹ jókòó kí ẹ gbé e lé itan, tàbí kí ẹ fi okùn ìgbékọ́rùn sí i. Ọwọ́ tó ń gbé ẹrù kò lè yára.

Ẹ wá wo ibi tí ìka ń bà. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn náà ni àwọn olórin ń pè ní fret. Orí ìka gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn irin yẹn, ní apá ibi tí orí ukulele wà, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, àmọ́ kó má gùn ún. Ẹ dán èyí wò: ẹ fi ìka lé okùn A lẹ́yìn fret kẹta (láti orí ukulele ni kí ẹ ti máa kà á) láì tẹ̀ ẹ́ rárá, kí ẹ ta á. Ohùn òkú ni ẹ ó gbọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ ta á. Ẹ fi díẹ̀ kún un, ẹ tún ta á. Ibi tí ohùn bá ti mọ́ gaara, ẹ dúró níbẹ̀, gbogbo agbára tí ẹ nílò nìyẹn. Ìka tó ń tẹ okùn bí ẹni ń tẹ aáyán pa, òun ni kì í tètè gbéra nígbà tí kọ́ọ̀dù bá fẹ́ yí.

3. Ọwọ́ tó ń ta

Èékánná ìka ìfábẹ̀lá ló ń ta okùn lọ sísàlẹ̀, ẹran ìka kan náà ló ń ta á bọ̀ sókè. Ọrùn-ọwọ́ ni kó máa mì, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn omi dànù lọ́wọ́; ìgbọ̀nwọ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ta á lórí ihò bíi ti gìtá. Ẹ sún ọwọ́ sí ibi tí ọrùn ti pàdé ara, kí ẹ gbọ́ bí ohùn ṣe máa rọ̀.

4. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ka ọ̀pọ̀ orin tí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́kọ́ pàdé. Àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni máa ń ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ àárín nọ́ńbà méjì kí wọ́n lè rí ibi tí ọwọ́ á ti padà sókè. Àwa kò nílò ìyẹn. Sílébù méjì-méjì ni ení, èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀rin ní. Sílébù àkọ́kọ́, ọwọ́ lọ sísàlẹ̀; èkejì, ọwọ́ bọ̀ sókè. E-ní-è-jì-ẹ̀-ta-ẹ̀-rin. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni pé bí a bá ń ka nǹkan lásán, a máa ń sinmi díẹ̀ lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sinmi. Kí sílébù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gùn dọ́gba, kí "rin" sì so mọ́ "e" tó tẹ̀lé e.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ́ọ̀dù kankan. Ẹ tẹ́ ọwọ́ òsì lé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ohùn wọn kú, kí ó jẹ́ ṣà-ṣà-ṣà nìkan ni ẹ ń gbọ́. Ẹ kà á sókè, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ, kó máa bọ̀, kí ẹsẹ̀ máa kan ilẹ̀ ní sílébù àkọ́kọ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi ló ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi: tí ọwọ́ bá dúró, ẹsẹ̀ náà dúró, mo sì ń rò pé mo bá àsìkò mu. Ẹsẹ̀ ni ọ̀gá. Tí ọwọ́ bá ṣìnà, ẹsẹ̀ ń lọ.

Tí ìyẹn bá ti wọ ara, ẹ yọ méjì kúrò nínú mẹ́jọ. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ bí ẹ ti ń kà á, àmọ́ ní "ní" ti ení, àti ní "ẹ̀" ti ẹ̀ta, kí ọwọ́ kọjá láì kan okùn:

E (sísàlẹ̀), ní (kọjá lásán), è (sísàlẹ̀), jì (sókè), ẹ̀ (kọjá lásán), ta (sókè), ẹ̀ (sísàlẹ̀), rin (sókè).

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà títa tó gbajúmọ̀ jù lọ lórí ukulele nìyẹn. Ẹ̀ta ló máa ń pa èèyàn. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ohùn níbẹ̀, ọwọ́ á fẹ́ dúró lókè kó máa retí "ta". Ẹ má gbà fún un. Ó gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ kó tó lè bọ̀ sókè lásìkò.

5. Ìka tí kì í kúrò nílé

Kọ́ọ̀dù mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: C, Am, F, G7, ní títò yẹn. Fún C, ìka òrùka wà lórí okùn A ní fret kẹta. Fún Am, ẹ gbé e kúrò, kí ìka àárín bọ́ sórí okùn G ní fret kejì. Láti Am bọ́ sí F, ìka àárín kò ní lọ síbì kankan. Ẹ kàn fi ìka ìfábẹ̀lá kún un lórí okùn E ní fret kìíní. Láti F bọ́ sí G7, ìka ìfábẹ̀lá yẹn dúró síbi tó wà, ìka àárín sún bọ́ sórí okùn C ní fret kejì, ìka òrùka bọ́ sórí okùn A ní fret kejì. Láti G7 padà sí C, ìka òrùka wulẹ̀ yọ̀ lórí okùn kan náà láti fret kejì dé ẹ̀kẹta láì gbéra, àwọn yòókù sì kúrò.

Ìgbà kan ṣoṣo péré, ìyẹn láti C sí Am, ni gbogbo ìka gbéra. Ẹni tó ń ká ọwọ́ kúrò pátá ní gbogbo ìgbà tí kọ́ọ̀dù bá yí, ó ń tún ilé kọ́ lójoojúmọ́.

Bí ìka kò bá ṣì tètè dé ibi kọ́ọ̀dù tuntun, ẹ yọ̀ǹda "rin" fún un. Ẹ jẹ́ kí ìka gbéra ní sílébù tó gbẹ̀yìn yẹn, kí ọwọ́ ọ̀tún ta okùn òfìfo sókè, kí kọ́ọ̀dù tuntun sì ti wà nílẹ̀ ní "e". Etí olùgbọ́ kò ní bínú sí okùn òfìfo kan tó kọjá fìrí. Kò sí ẹni tí kò ní gbọ́ ìdúró.

6. Metronome

Ẹ̀rọ tó ń fi ìró tó ṣe déédéé ka àsìkò ni metronome. Ọdún 1815 ni Johann Maelzel gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, àmọ́ ti orí fóònù ti tó. Ẹ fi sí 60, ìyẹn ìró kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kí ìró kọ̀ọ̀kan bọ́ sórí sílébù àkọ́kọ́ nọ́ńbà kan. Tí ẹ bá yí kọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lẹ́ẹ̀mẹrin láì kọsẹ̀, ẹ fi márùn-ún kún un. Tí ẹ bá kọsẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ má tijú.

Ìdánwò tó le, tí mo fẹ́ràn jù: tí ẹ bá ti lè ta á ní 80, ẹ dín metronome kù sí 40, kí ẹ máa ta á ní ìyára kan náà. Èjì àti ẹ̀rin nìkan ni kí ìró máa bọ́ sí. Ẹ̀yin ni ẹ ó wá ibi tí ení àti ẹ̀ta wà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ó rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

7. Ẹ gba ara yín sílẹ̀

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ pa metronome, ẹ gba ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má wá ohùn tó burú. Ẹ kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, kí ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ ti ń sáré. Ibi tó rọrùn ni a sábà máa ń sáré, pàápàá tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ kọ́ọ̀dù tó le.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì ń ta á fún ẹlòmíì, tí kọ́ọ̀dù sọnù lórí yín láàárín orin, ẹ tẹ́ ọwọ́ òsì lé okùn bí ẹ ti ṣe níbẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún máa ṣe ṣà-ṣà-ṣà rẹ̀ lọ, kí ẹ máa kà á nínú títí ení yóò fi tún yí kàn, kí ẹ wá wọlé.