Bí 4500 àti 500 ṣe di 4500500

"Mọ́mì, ṣé ọkọ̀ òfúrufú ni kájú yìí máa wọ̀ wá ni?" Oníbàárà kan láti Ìbàdàn ló pe àǹtí mi bẹ́ẹ̀. Kájú yíyan ni wọ́n ń tà nítòsí Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Èmi ni mo ṣe ojú ewé tí wọ́n fi ń ṣírò owó: wọ́n á tẹ owó ọjà sí àpótí kan, owó mọ́tò sí èkejì, àròpọ̀ á lọ bá oníbàárà. ₦4500 àti ₦500 ni wọ́n tẹ̀. Ọkùnrin náà rí ₦4500500.

Ohun tó fà á rèé. Ohunkóhun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú àpótí, ọ̀rọ̀ lásán ni JavaScript, èdè tí mo fi kọ ìṣirò ojú ewé náà, gbà á sí, ohun tí wọ́n ń pè ní string. Orúkọ tí mo fún àpótí owó ọjà ni `owo`, ti owó mọ́tò ni `moto`. Ẹ tẹ F12, kí ẹ kọ `typeof owo.value` sí console, ibi tí a ti ń dán kóòdù wò nínú browser, ẹ ó rí i. Kódà `type="number"`, tó ń sọ pé iye ni kí wọ́n tẹ̀ sínú àpótí, kò yí i padà.

Àmì `+` wá ní iṣẹ́ méjì: ó ń ro iye pọ̀, ó sì ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹyọ kan bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀, síso ló máa so wọ́n. Àmọ́ `-` kò mọ̀ ju iye lọ, nítorí náà `"4500" - 500` á fún yín ní 4000. Ibẹ̀ ló ti tàn mí jẹ: ẹ̀dínwó nìkan ni mo dán wò, ó sì pé géérégé. (Ọjọ́ 10 ni Brendan Eich fi kọ́kọ́ gbé èdè yìí kalẹ̀ ní 1995. Mo ti dárí jì í.)

Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti sọ ọ́ di iye:

`Number(owo.value) + Number(moto.value)`

Ẹ ṣọ́ra o. `Number("")` kì í figbe ta, 0 ló ń fúnni. Bí àǹtí mi bá gbàgbé owó mọ́tò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e lọ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àpótí ṣófo. Wọ́n tún fẹ́ràn kọ́mà. `Number("4,500")` á mú NaN ("kì í ṣe iye") wá, ìyẹn ṣì dáa, ẹ ó rí àṣìṣe náà. `parseInt("4,500")`, tí òun náà ń sọ ọ̀rọ̀ di iye, ló burú: ibi kọ́mà ló máa dúró sí, ₦4 ni ẹ ó tà á. Ẹ fi `replaceAll(",", "")` yọ ọ́ kúrò ṣáájú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan méjì dọ́gba, `===` ni kí ẹ lò, kì í ṣe `==`. `"" == 0` jẹ́ òótọ́ lójú `==`, `"0" == 0` náà òótọ́, síbẹ̀ `"" == "0"` irọ́ ni.

Àǹtí mi fi àpò kájú kan bẹ ọkùnrin Ìbàdàn náà. Èmi ni mo san owó mọ́tò rẹ̀.